Káàdì tí kò wọ inú ẹ̀rọ, ní ọjà Ìtòkú

Láti ìgbà àrùn kòrónà ni mo ti ń sá fún owó bébà, nítorí náà káàdì nìkan ni mo mú dání nígbà tí mo lọ ra àdìrẹ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, ní Sátidé tó kọjá. Nígbà tí a ná aṣọ náà sí ₦12,000, mo na káàdì sí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe POS lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ náà. Ó gbà á, ó fi ṣòkòtò nù ún, ó sì fẹ́ kì í bọ inú ẹ̀rọ. Mo ní kó dúró, mo sì fi àmì ìlà mẹ́rin tó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ lára káàdì náà hàn án, àmì pé bí a bá ṣáà ti sún káàdì mọ́ ẹ̀rọ, owó á lọ.

Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń rí i, mo rò pé ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

Káàdì náà kò ní bátìrì. Wáyà tín-ín-rín tí wọ́n ká yípo sínú rẹ̀ ló ń gba agbára láti ara ẹ̀rọ POS fúnra rẹ̀, nípasẹ̀ ìgbì rédíò 13.56 MHz, ìdí sì nìyí tí wọn kì í fi í gbọ́ ara wọn mọ́ bí àlàfo àárín wọn bá ti ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 lọ. A sún un mọ́ ọn, ẹ̀rọ náà dún píì, rìsíìtì sì yọ.

Ìyá aláàdìrẹ tó ń wò wá kò rẹ́rìn-ín rárá. "O ò tẹ nọ́ńbà kankan? Bó bá já bọ́ ní Kútọ̀ ńkọ́?"

Mo dáhùn pé, "Ìyá, wọ́n ti fi ààlà sí i."

"Àwọn wo?"

Mo ṣàlàyé fún wọn pé ní ọdún 2023, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fi ₦15,000 ṣe òpin ohun tí ènìyàn lè san lẹ́ẹ̀kan láì tẹ PIN, àti ₦50,000 láàárín ọjọ́ kan.

"A jẹ́ pé ẹni tó bá he é lè ná ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta mi kí n tó délé."

N kò rí èsì fún wọn. Láti ọjọ́ náà, iye tí n kò ní sunkún lé lórí nìkan ni mo ń fi sínú àkáǹtì tí káàdì yẹn so mọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yọ ₦200 owó iṣẹ́ tirẹ̀, ó lá àtàǹpàkò rẹ̀, ó sì ka ₦500 mẹ́rìnlélógún sí ìyá lọ́wọ́. Ìyá náà lá tiwọn, wọ́n sì tún un kà.