Ọdún Dírágónì Tí Kò Lójú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé bí ọdún bá ti ń parí lọ, mo máa ń ka iye ẹ̀dá inú àlọ́ tí mo yà. Lọ́dún tó kọjá, mọ́kànlá ni. Tọdún yìí rọrùn láti kà: ẹyọ kan péré, kò sì tíì lójú.

Bàbá mi ni wọ́n fà á. Ẹ rántí ohun tí wọ́n sọ nígbà tí wọ́n rí dírágónì mi àkọ́kọ́: "Ìyẹ́ yìí ló fẹ́ gbé ikùn yìí?" Mo ní ta ló fẹ́ wọn ikùn dírágónì? Mo fi Albrecht Dürer, ayàwòrán ará Jámánì, ṣe ẹ̀rí, ẹni tó ya àgbáǹréré lọ́dún 1515 láì fojú kàn án rí, tó tún fi ìwo kékeré kan kún un ní ẹ̀yìn ọrùn. Wọ́n ní, "Òun náà ò béèrè lọ́wọ́ bàbá ẹ̀ nìyẹn."

Ni mo bá lọ wo ìyẹ́ àdán. Ọwọ́ gan-an ni: egungun ìka tó gùn gbọọrọ, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láàárín wọn. Irú awọ bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀dà olómi (watercolour) mọ̀ ọ́n yà jù, torí ìmọ́lẹ̀ á gba inú àwọ̀ kọjá, á kan bébà funfun, á tún padà jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ya ìyẹ́ yẹn, tí mo sì jù ú nù. Ẹ̀ẹ̀keje, nínú Oṣù Kẹfà, mo mú bébà òwú oní-gíráàmù 300, mo fi rọ́bà olómi bo ojú ẹ̀dá náà kó má baà gba àwọ̀, mo fi omi rin ìyẹ́ náà látòkè délẹ̀, mo sì tú búlúù phthalo sí i. Ó ń ṣàn bí mo ṣe fẹ́ gẹ́lẹ́. Mo tiẹ̀ ń súfèé.

Fóònù dún.

Mi ò ní tún ìyẹn sọ. Ẹ ti bá mi kẹ́dùn, ẹ ṣeun. Ẹni tí mi ò tíì dá lóhùn, kó má bínú. Ohun tí mo lè sọ ni pé ọ̀dà olómi kì í dúró de èèyàn. Búrọ́ọ̀ṣì tí mo sọ sílẹ̀ kán omi sórí àwọ̀ tó ti ń gbẹ, omi náà tì í sẹ́yìn, ó sì fi etí jágajàga sílẹ̀ láàárín ìyẹ́, bí etíkun inú máàpù. Ká ní búlúù ultramarine ni, ǹ bá fi búrọ́ọ̀ṣì tútù gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ kúrò. Phthalo kì í jáde, ó ti wọnú bébà. Èmi ni mo sì yàn án, torí pé ó ń dán. Ọgbọ́n orí mi nìyẹn.

Láti Oṣù Keje dé Ìkọkànlá, kò sóhun tí mo rántí ju pé mò ń fọ búrọ́ọ̀ṣì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Bí mo bá ṣèlérí àwòrán fún yín lásìkò yẹn, ẹ gbà pé ẹlòmíì ni. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gba bébà náà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí mo fẹ́ fà á ya.

Rọ́bà yẹn ṣì wà lójú rẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ ló yẹ kó lò. Bó bá pẹ́, á lẹ̀ mọ́ bébà, bó bá sì máa jáde, á bó awọ bébà lọ. Tèmi ti lo oṣù mẹ́fà. Nínú Oṣù Kìíní, màá fi ìka rọra yí i wò. Bó bá jáde, a lójú nìyẹn. Bó bá ya, màá ní ojú ogun ló ti fọ́.

Lánàá, mo gbé rúlà. Mo wọn ìyẹ́, mo wọn ikùn.

Kò lè gbé e.