Fíúsì ìdí bátìrì: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára sound tí wọ́n ṣe sínú mọ́tò mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣe sound sínú mọ́tò, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é tí bass ti ń mi gíláàsì ẹ̀yìn jìgìjìgì, ẹ dákun ẹ ka èyí tán, torí àtẹ́lẹwọ́ mi ò tíì jiná bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí. Kẹ́ ẹ tó ka ìyókù pàápàá, ẹ lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì yín. Ẹ máa rí wáyà pupa kan tó jáde látorí bátìrì, tó gba inú ihò kan wọnú mọ́tò lọ, òun ló ń gbé iná lọ fún amp, ìyẹn amplifier tó ń fi agbára kún orin, tó wà ní búùtù. Ẹ fọwọ́ tọ̀ ọ́ látorí bátìrì. Tẹ́ ẹ bá ti wọ̀n ọ́n tó ìgbọ̀nwọ́ kan tẹ́ ò sì tíì rí fíúsì, ohun tó máa ń já láti gé iná kúrò tí iná bá pọ̀ jù, lójú ọ̀nà, ẹ tú wáyà yẹn kúrò lórí bátìrì lónìí, kì í ṣe ọ̀la. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ò ní rí i. Tèmi náà ò ní, rewáyà tó ṣe é ò fi síbẹ̀.

Corolla tòkunbọ̀ ni mọ́tò mi, spíkà tó bá a wá ti ya. Èmi sì rèé, mo fẹ́ràn fújì, tẹ́ ẹ bá gbọ́ ìlù Àyìndé Barrister nínú spíkà tó jẹ́ spíkà lóòótọ́, ẹ ò ní lè padà sí èyí tó ń han gooro yẹn mọ́. Mo lọ ra amp 500 watt ní Alaba, mo ra wúfà, spíkà ńlá tó ń gbé bass jáde, ínǹṣì 12 tòun ti àpótí ẹ̀, mo wá gbé gbogbo ẹ̀ lọ fún rewáyà kan táwọn èèyàn júwe fún mi. Iye tó ní òun máa gbà ni mo san, owó wáyà lọ́tọ̀, owó iṣẹ́ lọ́tọ̀, mi ò tiẹ̀ ná an. Mo bi í nígbà tó parí pé ṣé kò séwu nínú iná tó ń gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì yìí, ó ní, "Ọ̀gá, fíúsì wà lára amp, ẹ fọkàn yín balẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ẹ̀ pa wá nìyẹn. Fíúsì tó wà lára amp, amp nìkan ló ń ṣọ́. Láti iwájú dé búùtù, wáyà yẹn á gùn tó mítà 4 sí 5, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, gbogbo irin ara mọ́tò sì rèé, orí negative bátìrì ni wọ́n so ó mọ́. Ibikíbi tí wáyà yẹn bá ti bó tó kan irin, bátìrì á tú gbogbo agbára tó ní sínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ampere. Fíúsì ọ̀hún tí wọ́n ní ó wà lára amp, kò ní mọ nǹkan kan sí i, torí iná ò tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.

À ń bọ̀ láti ibi ìkómọ n'Íbàdàn ní ìrọ̀lẹ́ Sunday, a ti kọjá Ṣàgámù a ò tíì dé Mowe, ìyàwó mi wà níwájú, ọmọbìnrin wa sùn sẹ́yìn mi. Orin dákẹ́ lójijì. Mo rò pé radio ló ní ìṣòro, mo ń tẹ bọ́tìnnì ẹ̀ lọ́wọ́ ni òórùn kan dé, bí ìgbà tí wọ́n ń sun sálúbàtà rọ́bà, ìyàwó mi ní "Daddy, kí ló ń jóná?" Kí n tó dáhùn, èéfín ti ń rú tùù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo wà mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo pa á, mo yọ kọ́kọ́rọ́. Mo rò pé ó parí nìyẹn. Èéfín ò dúró. Mo di kọ́kọ́rọ́ mú lọ́wọ́ mi o, èéfín sì ń pọ̀ sí i, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn lọ sẹ́yìn síbi tọ́mọ wà, torí ibẹ̀ gan-an ni wáyà gbà kọjá. Ike tó wà létí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ti ń rọ̀, ó ń gbóná fẹlifẹli, ìyàwó mi ló gba ọwọ́ ọ̀tún wọlé tó fa ọmọ náà jáde, ó ń sunkún, ó ń wúkọ́.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin èèyàn mi, ara wáyà pupa yẹn ń hó. Ó ń yọ́ tó tó tó sórí irin, ìdí ihò tó gbà wọlé sì ń tan iná pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́. Mo fọwọ́ lásán gbá orí bátìrì mú pé kí n fà á yọ, nọ́ọ̀tì tó dè é ò mira, ibẹ̀ lọwọ́ mi ti bó. Sípánà 10 ló ń tú nọ́ọ̀tì yẹn, kò sì sí sípánà kankan nínú mọ́tò. Mọ́tò ń sá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa wìì wìì, àwọn kan tiẹ̀ ń yọ fóònù sí wa. Awakọ̀ típà kan ló dúró, ó bẹ́ sílẹ̀ tòun ti sípánà ẹ̀, ó ní kí n sún sẹ́yìn, ó tú orí negative, ó fà á sókè. Bó ṣe fà á sókè báyìí ni iná ìdí ihò yẹn kú, a wá da gbogbo fire extinguisher sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin yẹn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ọlọ́run á ṣọ́ òun àti tiẹ̀ lójú pópó.

Wọ́n fa mọ́tò délé, rewáyà mìíràn tú gbogbo ẹ̀ dànù, ó ṣe é tuntun, ó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa báyìí. Àwọn ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ rèé.

Àkọ́kọ́, fíúsì. Wáyà ni fíúsì yẹn ń ṣọ́, nítorí náà bí wáyà bá ṣe tóbi tó lẹ máa wò. Amp 500 watt tó jẹ́ class D, irú èyí tí kì í fi iná ṣòfò púpọ̀, tó ń jẹ bí 625 watt nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ dé góńgó, ẹ pín in sí 13.8 volt, nǹkan bí ampere 45 nìyẹn. Wáyà 4 gauge (gauge ni wọ́n fi ń sọ bí wáyà ṣe nípọn tó) tó jẹ́ copper gidi gbé e dáadáa, fíúsì ampere 60 tàbí 80 sì tó o. Tí fíúsì bá ń já, ẹ wá ohun tó ń já a. Kí ẹnikẹ́ni má fi wáyà tàbí ìṣó dí i fún yín.

Èkejì, wáyà fúnra ẹ̀. Èyí tí rewáyà yẹn rà fún mi, "4 gauge" ni wọ́n kọ sí i lára, àmọ́ nígbà tá a gé e, rọ́bà ló pọ̀ níbẹ̀, irin inú ẹ̀ tín-ín-rín. Ẹ fi bíléèdì ha ẹyọ kan nínú irun ẹ̀. Tó bá funfun nínú, aluminium tí wọ́n fi copper bò ni, agbára ẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti copper lọ, ó sì máa ń gbóná. Ẹ rántí náà pé bí nọ́ńbà gauge bá ṣe kéré sí ni wáyà ṣe nípọn sí, 8 ò tó 4.

Ẹ̀kẹta, ihò yẹn. Etí irin mú bí ọ̀bẹ, mọ́tò ń gbọ̀n, wáyà ń fara ha á lójoojúmọ́ títí tó fi bó. Rọ́bà roboto kan wà tí wọ́n máa ń fi sínú ihò náà, owó ẹ̀ ò tó nǹkan. Wọn ò fi sí tèmi. Ṣùgbọ́n ká ní wọn ò fi rọ́bà síbẹ̀, ká ní wáyà ọ̀hún tiẹ̀ jẹ́ ayédèrú, tí fíúsì bá wà nídìí bátìrì, á já pàó, orin á dákẹ́, a máa délé. Mo tún padà síbẹ̀, mo mọ̀, mi ò lè ṣe kí n má padà síbẹ̀.

Àwọn kan nínú ẹbí ń sọ pé kí ni mò ń fi bass ṣe, pé èèyàn tó ti bímọ. Bass kọ́ ló jóná. Wáyà ló jóná, owó mi sì ni mo fi ra gbogbo ẹ̀.

Àwọn tó kù, ẹ jẹ́ n yára sọ wọ́n. Ground, ìyẹn wáyà tó so amp mọ́ irin ara mọ́tò: kí wọ́n ha ọ̀dà kúrò títí irin á fi hàn, kí wáyà ẹ̀ kúrú, kó sì nípọn tó ti pupa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ máa gbọ́ ariwo kan tó ń han sókè bẹ́ ẹ bá ṣe ń tẹ ẹ́ńjìnì. Wáyà tó ń gbé orin láti radio lọ sínú amp, ẹ̀gbẹ́ kejì mọ́tò ni kó gbà, kó má bá ti iná rìn. Wáyà remote, èyí tó ń sọ fún amp pé kó tàn tàbí kó kú, kó má lọ sórí iná tí kì í kú, amp ò ní sùn, bátìrì á ti kú kílẹ̀ tó mọ́. Tí iná iwájú bá ń ṣẹ́jú pẹ̀lú bass, ẹ wọn iná bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, volt 13.8 sí 14.4 ló yẹ kó wà, ẹ wo alternator, èyí tó ń dá iná nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí wọ́n ta capacitor, èyí tó kàn ń tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́, fún yín, capacitor ò lè dá iná. "3000 watt" tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí náà, ẹ má kà á sí, RMS, ìyẹn agbára tó lè máa gbé jáde láìdúró, ni kẹ́ ẹ bèèrè. Ẹ ra sípánà 10 sínú mọ́tò, ẹ sì fi han ìyàwó tàbí ọkọ yín nọ́ọ̀tì tó ń tú.

Tẹ́ ẹ bá gbé e lọ sọ́dọ̀ rewáyà, fíúsì ANL, irú fíúsì ńlá tí wọ́n ń fi nọ́ọ̀tì dè, tó ní ilé ike tó mọ́ kedere ni kẹ́ ẹ rà dání, ẹ má retí pé ó máa mú un wá. Ẹ gbé ilé ẹ̀ fún un kó dè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, kẹ́ ẹ mú fíúsì gan-an lọ́wọ́. Kó so ìdí amp, kó so ground, kó so gbogbo ẹ̀ tán, kẹ́ ẹ fojú ara yín tọ wáyà látìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó gbé fíúsì fún un.