Fóònù, Gọ́tà àti Odò Àlà

Ní ọdún 2000, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà mú ìdíwọ́ kúrò lórí GPS (ètò sátẹ́láìtì tó ń fi ibi tí ènìyàn wà hàn) tí gbogbo ènìyàn ń lò, àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ eré tí wọ́n ń pè ní geocaching: ẹnì kan á fi nǹkan pamọ́ síbì kan, ẹlòmíràn á sì fi ẹ̀rọ wá a rí. Irú eré yìí ni mo tún ṣe fún àwọn ọmọ mi méjì, ọmọ ọdún mẹ́fà àti mẹ́jọ, ní Àkúrẹ́ níbí.

N kò fi nǹkan kan pamọ́ ṣá o, nítorí pàǹtí ìlú wa ti tó. Ibi mẹ́ta ni mo sàmì sí lórí máàpù fóònù mi: ìdí igi máńgòrò kan, gọ́tà àdúgbò wa, àti etí Odò Àlà. Ibi gọ́tà ni a ti pẹ́ jù, torí àbúrò rí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó dí ojú omi, ó sì bèèrè ibi tí omi yóò gbà bí òjò bá dé. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá a lóhùn. Ó nawọ́ sí ìsàlẹ̀, a sì tọ ipa omi náà lọ títí a fi rí irú ọ̀rá kan náà létí Àlà.

Lábẹ́ máńgòrò, fóònù ṣì wá lọ́nà díẹ̀, nítorí ewé máa ń dí àmì tó ń ti ojú ọ̀run bọ̀ lọ́wọ́. Àwọn ọmọ fúnra wọn ló fi ojú wá igi náà rí. Òkè Ìdànrè ló kàn, bí ẹsẹ̀ àbúrò bá lè gba àtẹ̀gùn rẹ̀ tó lé ní 600.