Ọdún tí mo fi ń ka omi: àyẹ̀wò 2025 mi

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jí nínú ilé yìí, mo ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀, ó ń ṣàn ṣòròṣòrò, mo ń fọ eyín, mo ń wo ìta lójú fèrèsé. Oṣù kìn-ín-ní ọdún nìyẹn. Ká ní mo lè padà lọ bá obìnrin yẹn lónìí, mi ò bá fà á létí kó tó yọ búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu.

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè ibi tí mo wọlé sí, Terlingua ni, ní ìsàlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Texas, nínú aṣálẹ̀ Chihuahua, lẹ́bàá ibi tí odò Rio Grande ti pa ààlà Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò. Brewster ni wọ́n ń pe agbègbè ìjọba wa. Kò sí èyí tó fẹ̀ tó o ní gbogbo Texas, ó lé ní 6,000 máìlì onígun mẹ́rin, síbẹ̀ gbogbo èèyàn inú rẹ̀ kò pé 10,000. Ẹni tó bá dúró ní Dùgbẹ̀ láàárọ̀ Sátidé á rí ju bẹ́ẹ̀ lọ kí oòrùn tó kan àtàrí. Ilé tó sún mọ́ tiwa jù, ìrìn ìṣẹ́jú 15 ni.

Omi ló lé wa kúrò ní Houston. Ní 2017, nígbà tí ìjì Harvey dé, omi wọlé bá wa, ó dé orúnkún ọkọ mi, fíríìjì wa dìde, ó ń léfòó nínú ilé ìdáná bí ọkọ̀ ojú omi. A tún ilé ṣe. Ní oṣù keje 2024, Beryl dé, iná kú mọ́ ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó lé ní mílíọ̀nù méjì, ọjọ́ mẹ́jọ gbáko la fi jókòó sínú ooru àti òórùn ẹran tó ti bàjẹ́. Lọ́jọ́ kẹsàn-án ni ọkọ mi, tó ń wa ọkọ̀ àjàgbé lójú ọ̀nà I-10, sọ pé òun mọ ibì kan tí ìkún omi kò lè dé. Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ó ti san owó àsansílẹ̀ ilẹ̀.

Ẹ̀rín màmá mi n'Íbàdàn ju tèmi lọ. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ilé ìgbẹ́ wa kì í lo omi, pé lẹ́búlẹ́bú pákó la fi ń bò ó, pé ó ní bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ di ilẹ̀dú. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Àbẹ̀kẹ́, ṣálángá nìyẹn. Ìwọ tí a ní o ń gbé Amẹ́ríkà, ahéré bàbá mi lo padà sí."

Wọn ò purọ́. Kò sí wáyà iná tó dé ilẹ̀ wa, sólà mẹ́wàá tó wà lórí irin lẹ́yìn ilé ló ń fún wa níná. Èmi tí mo sá fún àìsíná, èmi gan-an ni mo wá di ilé-iṣẹ́ iná. Bí mo bá gbójú fò tí mo fi áyọ́ọ̀nù sí i lálẹ́, èmi ni mo mú iná lọ, èmi náà ni mo ń kígbe "Up NEPA!" lọ́jọ́ kejì tí oòrùn bá yọ.

Àmọ́ iná kọ́ ni ìṣòro ọdún yìí. Kò sí páìpù omi náà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Òjò tó bá rọ̀ sórí páànù ló ń wọ táńkì, òjò ibí yìí kì í sì ju íǹṣì mẹ́wàá sí méjìlá lọ lọ́dún, nígbà tí Houston ń rí bí 50. Táńkì gálọ́ọ̀nù 2,500 la bá nínú ilé, ó kún dẹ́nu. Nígbà tó fi máa di àárín oṣù kẹta, ó ti gbẹ. Ọkọ mi ní ó ń jò. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, ó dọ̀bálẹ̀ fi tọ́ọ̀ṣì wo ìdí rẹ̀, kò rí ibi kankan tó tutù. Aládùúgbò wa, bàbá òyìnbó kan tó ti ń gbé ibẹ̀ láti bí 40 ọdún, dúró, ó ń wò wá. Ó bi mí pé gálọ́ọ̀nù mélòó ni mò ń lò lójúmọ́. Mi ò mọ̀. Ó bi mí pé ọjọ́ wo la dé, ó ka ìka rẹ̀, ó ní ọjọ́ 62, ó ní nǹkan bí 40 lójúmọ́. Ó ní táńkì wa kò jò, àwa gan-an là ń jò.

(Bàbá ni mo ń pe ọkùnrin náà. Mi ò lè pe ẹni tó tó bí mi lórúkọ, ì báà jẹ́ òyìnbó. Òun rò pé orúkọ tuntun ni mo sọ ọ́, inú rẹ̀ dùn, ó ti fi ọ̀dà kọ BABA sára àpótí lẹ́tà rẹ̀. Mi ò tíì rí ọ̀nà tí mo lè gbà ṣàlàyé.)

Ọjọ́ mẹ́fà la fi gbé kẹ́ẹ̀gì kiri kí ọkọ̀ tó gbé gálọ́ọ̀nù 2,200 tí a rà dé. Lọ́jọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ ìwé kékeré kan, omi nìkan ni mò ń kọ sínú rẹ̀. Oṣù kẹrin: 22 lójúmọ́. Oṣù karùn-ún: 17. Láti oṣù kẹfà: 15, a ò tíì kọjá rẹ̀. Omi tí mo fi ṣan ìrẹsì ló ń fọ abọ́ àkọ́kọ́, omi abọ́ ń lọ sídìí igi, korobá kan ni ìwẹ̀. Kì í ṣe ọgbọ́n tuntun. Lágboolé ìyá ìyá mi, omi àfọ̀sọ̀ kì í lọ lásán: á fọ funfun, á fọ dúdú, á fọ ilẹ̀, ìyókù á pa eruku ojúdé. Ọdún 19 ní Houston ni mo fi gbàgbé rẹ̀.

Ibi iṣẹ́ nìkan ni mo ti ń ṣe fàájì. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mo fi ń ṣiṣẹ́ ní Alpine, 80 máìlì sí ilé, mo sì máa ń sùn síbẹ̀ lóru méjì. Níbi tí mò ń sùn sí, ẹ̀rọ ìwẹ̀ wà. Mo máa ń dúró lábẹ́ rẹ̀ bí olè. Lójú ọ̀nà 118 tí mò ń gbà lọ, àwọn aṣọ́bodè ní ibi àyẹ̀wò, wọ́n á bi ọ́ bóyá ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ọ́. Wọ́n ti mọ̀ mí báyìí. Ní oṣù kejì tí wọn ò tíì mọ̀ mí, wọ́n rí ọ̀rá èlùbọ́ nínú ọkọ̀ mi, ìyẹ̀fun aláwọ̀ eérú, ọ̀rá funfun, láìsí àkọlé. Ẹ fojú inú wò ó. Ajá wọn wá, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sín. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú ajá dání ní kí ni wọ́n ń fi í ṣe. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi ṣàlàyé àmàlà, àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn mi ti tò lọ rẹrẹ.

Ooru oṣù karùn-ún àti ìkẹfà kò jọ tilé. Ó ń kọjá 38 nínú ìwọ̀n Celsius, síbẹ̀ èèyàn kì í mọ̀ pé òun làágùn, òógùn ti gbẹ kí ọwọ́ tó kàn án. Ètè ń là bí ìgbà ọyẹ́, òrí ni mò ń fi para láàárọ̀ àti lálẹ́. Fíríìjì ń jẹ bátìrì, mo ń pa á lóru, omi mímu á sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ kílẹ̀ tó mọ́. A lọ sí Ojinaga, ìlú Mẹ́síkò tó dojú kọ Presidio lódìkejì odò. Nínú ọjà, mo rí ìkòkò amọ̀ oníkùn ńlá, olla ni wọ́n ń pè é. Èmi rí i, mo ní àmù nìyí! Ìyá tó ń tà á kò gbọ́ òyìnbó, èmi ò gbọ́ Spanish. Ó gbé ìkòkò sókè, ó fi ìka gbá a kí n gbọ́ pé kò sán. Gẹ́gẹ́ bí oníkòkò ṣe ń ṣe nílé. Mo ra méjì, mi ò tilẹ̀ ná an dáadáa.

Àmù ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín ju Ìbàdàn lọ. Omi ń yọ díẹ̀díẹ̀ lára amọ̀, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, bó ṣe ń gbé e lọ ló ń mú ooru inú ìkòkò dání. Afẹ́fẹ́ Ìbàdàn ti mu omi yó kó tó dé ìdí àmù. Ti ibí yìí, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ tọ̀sán tòru. Ìkòkò kékeré ni mo rì mọ́lẹ̀ dọ́rùn, mo gbin ewédú yí i ká. Mo ń bu omi sínú rẹ̀, ilẹ̀ ń fà á mu láti ẹ̀gbẹ́, oòrùn kò rí i jí gbé. Ewédú náà yọ ju èyí tí mo gbìn ní Houston lọ. Mo já a lẹ́ẹ̀mejì. Kí ó tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, agbo javelina, àwọn ẹranko tó jọ ẹlẹ́dẹ̀ ìgbẹ́, wọlé lóru, wọ́n jẹ ewé, wọ́n jẹ igi, wọ́n fọ́ ìkòkò. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Bóyá ewédú nìkan kọ́ ni mo ń sunkún fún. Ó ti tó ọjọ́ 11 tí mo ti sọ Yorùbá sí ẹnikẹ́ni tó wà níwájú mi.

Mo fẹ́ sọ ti oṣù keje.

Lọ́jọ́ kẹrin oṣù náà, odò Guadalupe, tó jìnnà sí wa gan-an nínú Texas kan náà, kún lóru, láàárín wákàtí díẹ̀ ó ti gbé àwọn èèyàn lọ, ọmọdé púpọ̀ nínú wọn. Àwọn tó kú ní agbègbè náà lé ní 100. Màmá mi gbọ́ "Texas" nínú rédíò, wọ́n pè mí láìmọ̀ pé ìdájí ni níbí. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé aṣálẹ̀ ni mo wà, pé gálọ́ọ̀nù tó kù nínú táńkì mi ò pé 200.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mò ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ó ku 60 nínú táńkì, mo kọ ọ́ sínú ìwé kí n tó lọ. Òjò kò kán sára gíláàsì ọkọ̀ mi. Orí àwọn òkè ló ti rọ̀. Ilẹ̀ ibí le bíi sìmẹ́ńtì, òjò tó bá bọ́ sórí rẹ̀ kì í dúró gbọ́ tẹnu ẹnikẹ́ni. Níbi tí ọ̀nà eléruku wa ti gba inú odò gbígbẹ kọjá, mo bá omi aláwọ̀ kòkó tó ń sáré, ó ń yí òkúta, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọlu ara wọn nísàlẹ̀. Páànù ilé wa ń dán lódìkejì, kò tó máìlì kan.

Mo pa ọkọ̀. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Omi yẹn àti ti 2017, àwọ̀ kan náà, ìró kan náà. Mo rántí fíríìjì tó ń léfòó. Mo rántí bí mo ṣe gbé àwo fọ́tò ìgbéyàwó wa lérí bí ẹni ru igbá. Mo bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo ní ṣé ibi tí ìkún omi kò lè dé nìyí? Kò rí èsì fọ̀, ó ṣáà ń sọ pé, "Má dá a kọjá o, jọ̀ọ́, má dá a kọjá."

Bí mo ṣe jókòó síbẹ̀ ni atẹ́gùn yí, òórùn igi creosote dé. Igi kúkúrú kan ni, òun ló gba gbogbo pápá níhìn-ín, tí òjò bá kàn án, á máa rùn bí agbo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè. Mo gbójú sókè, òjò ti dé orí ilé wa. Mò ń rí i bí aṣọ títa. Íǹṣì kan lórí páànù wa, gálọ́ọ̀nù bíi 700 ni. Mo wá ń gbàdúrà kí omi iwájú mi fà, mo sì ń gbàdúrà kí tòkè má dá. Ẹnu kan náà, lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò mọ bí Ọlọ́run ṣe to ẹjọ́ yẹn.

Wákàtí márùn-ún ni mo lò nínú ọkọ̀. Nígbà tí mo délé, ilẹ̀ ti ṣú, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ṣì ń kán. Bàbá ti débẹ̀ ṣáájú mi láti apá kejì, ó ti ṣí páìpù tó ń da omi àkọ́dà nù sílẹ̀ kó tó wá darí ìyókù sínú táńkì. Ọmọ ilé páànù mọ ìyẹn, a kì í gbé korobá sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ títí òjò á fi fọ òrùlé tán. Mi ò retí pé òyìnbó mọ̀ ọ́n.

Ó tún rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ títí oṣù kẹsàn-án fi parí. Íǹṣì mẹ́fà àti díẹ̀ ni mo kọ sílẹ̀. Nígbà tí táńkì kún tó ń dà nù, a ra èkejì.

Àwọn yòókù, kíákíá. Àkeekèé ta mí lẹ́ẹ̀kan, inú bàtà. Mo rí ejò tó ń gbọn ìrù bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni mo fún un lọ́nà. Gèlè, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni mo wé e lọ́dún yìí, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni ọjọ́ ìbí 60 ẹ̀gbọ́n mi ní Houston, wákàtí mẹ́wàá lójú ọ̀nà ní àlọ, mẹ́wàá ní àbọ̀, kúlà méjì tó kún fún ata rodo àti pọ̀nmọ́. Ní oṣù kọkànlá, àwọn èèyàn ya wọ ìlú wa fún ìdíje ọbẹ̀ chili tí wọ́n ti ń ṣe níbẹ̀ láti 1967. Òfin wọn ni pé ẹ̀wà kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Mo tọ́ ọ wò, ata wọn kò dé ibì kankan, mo kí wọn kú iṣẹ́.

Àbíkẹ́yìn wa wá fún Thanksgiving, ọdún ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà. Ọmọ ogún ọdún, Houston ló dàgbà sí. Lálẹ́ tó dé, ó jáde lọ mú báàgì nínú ọkọ̀, kò padà wọlé. Mo bá a níta tó gbójú sókè. Láti 2022 ni wọ́n ti fi gbogbo àyíká wa pẹ̀lú apá kan Mẹ́síkò ṣe ibi ìdáàbòbò òkùnkùn, kí iná má bàa pa ìràwọ̀ rẹ́. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé báyìí ló ṣe máa ń wà ní gbogbo ìgbà?" Mo sọ fún un nípa Àgùàlà tó ń tẹ̀lé òṣùpá, tí wọ́n ní ajá rẹ̀ ni. Ó ní kí n tún un sọ. Ìgbà àkọ́kọ́ láti bí ọdún mẹ́fà nìyẹn tó ní kí n tún ohunkóhun sọ.

Láàárọ̀ yìí, ọjọ́ 30 oṣù kejìlá, mo fi ìka gbá ara àwọn táńkì láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ibi tí omi wà, ohùn rẹ̀ wúwo. Ibi tí kò sí, ó ń dún gbọ̀ọ̀. Mo kọ 3,100 sínú ìwé. Tí a bá dúró lórí 15, á gbé wa wọ oṣù keje. Ọkọ mi ń bọ̀ láti El Paso ní Ọjọ́bọ̀, eruku ọ̀sẹ̀ méjì wà lára rẹ̀, ó ti pè pé òun fẹ́ wẹ̀ dáadáa. Mo ti gbé korobá kan sílẹ̀ fún un. Nítorí pé ọdún tuntun ni, mo bu ife kan lé e.