Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Orin Kíkọ fún Fíìmù ní Ògbómọ̀ṣọ́

Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n bá fẹ́ máa kọ orin fún fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n sábà máa ń kọ́kọ́ bi mí léèrè kíbọ́ọ̀dù tí wọn yóò rà àti irú kọ̀ǹpútà tó lè gbé iṣẹ́ náà. Ìbéèrè tó dára ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló yẹ kó ṣíwájú. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹni tó mọ orin kò wọ́n wa: ìlú tí ilé-ẹ̀kọ́ ìsìn ìjọ Onítẹ̀bọmi ti wà láti ọdún 1898, tí wọ́n sì ń kọ́ni ní orin ìjọ níbẹ̀, kò lè ṣaláìní ẹni tó lè ka nóòtì, tó sì lè tẹ dùùrù. Inú ẹgbẹ́ akọrin ni èmi náà ti gbé e wá. Ẹni tó wọ́n ni ẹni tó lè jókòó ti fíìmù kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìfi orin kankan sí i, kí ó máa wo ibi tí ìtàn ti ń wá orin àti ibi tí kò ti fẹ́ ẹ rárá.

Kí n tó kọ ohunkóhun, èmi àti olùdarí máa ń jọ wo fíìmù náà, a ó sì kọ ìṣẹ́jú tí orin yóò wọlé àti èyí tí yóò jáde sínú ìwé. Ìjáde yẹn le ju ìwọlé lọ. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù wa, orin kì í jáde. Ó kàn ń lọ láti ìran kan bọ́ sí òmíràn bí omi ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò tì.

Ọ̀rọ̀ yìí le fún àwa Yorùbá ju fún ẹlòmíràn lọ, nítorí pé ìlù wa ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń kọ orin fún fíìmù Amẹ́ríkà lè fi fayolíìnì sábẹ́ ọ̀rọ̀ òṣèré láìsí wàhálà, nítorí kò sí ẹni tí yóò gbọ́ gbólóhùn nínú fayolíìnì. Ṣùgbọ́n bí ìyáàlù bá ń ki oríkì nígbà tí òṣèré ń sọ̀rọ̀, ẹni méjì ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Olùdarí kan fẹ́ kí n fi dùndún sábẹ́ ìran kan tí ìyàwó ti ń bi ọkọ rẹ̀ léèrè ìwé ilẹ̀. Dípò kí n bá a jiyàn, mo ṣe é bó ṣe wí, mo sì ní kí a gbé e lọ bá bàbá onílù kan ní Ọ̀yọ́, ọmọ Àyàn pọ́ńbélé, tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí a lù ú. Bàbá wò ó tán, wọ́n ní kí a dá a padà sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n tún wò ó, wọ́n bi wá pé, “Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀, ta ni kí n dá lóhùn?” Gbogbo oríkì tí ìlù náà kì ni wọ́n lè kà fún wa, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ohun tí ìyàwó náà ń wá. Olùdarí rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì tán.

Gúdúgúdú àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni mo máa ń fi sábẹ́ ọ̀rọ̀, nítorí wọn kì í to gbólóhùn bí ìyáàlù: gúdúgúdú kò ní ọsán tí onílù ń fún láti gbé ohùn sókè tàbí láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ìyáàlù yóò wá wọlé nígbà tí òṣèré bá ti dákẹ́, kí ó dáhùn, kí ó fi ṣe yẹ̀yẹ́, tàbí kí ó sọ ohun tí ẹni tó wà lójú ìran kò lè fẹnu sọ. Bí a bá ń gbà á sílẹ̀, a máa ń fi aṣọ di ṣaworo rẹ̀, nítorí maikirofóònù máa ń gbé ṣaworo ju ọ̀rọ̀ ìlù lọ. Inú àwọn àgbà onílù kì í dùn sí i, wọ́n sì jàre. Nítorí náà, bó bá ti di ìran ayẹyẹ, a ó tú aṣọ náà.

Orin tí a fi ń ṣí fíìmù ní òfin tirẹ̀: ohùn ọ̀rọ̀ ni kó máa darí ohùn orin. Àwọn orin ìsìn tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá, tí wọ́n sì gbé ka orí ohùn orin òyìnbó, ti fi hàn pé ènìyàn lè kọ orin láti kékeré láìmọ ohun tó ń wí. Olùwòran kò ní fara dà á bí ọmọ ìjọ ṣe fara dà á.

Ẹ má fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù títí ẹ́dítọ̀ yóò fi sọ pé òun ti parí gígé àwòrán. Bó bá tún yọ ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lẹ́yìn náà, gbogbo orin tó tẹ̀ lé e ni yóò yẹ̀. Ẹ bi í bóyá àwòrán 24 tàbí 25 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, torí bí ẹ bá ṣi ọ̀kan mú fún èkejì, orin fíìmù wákàtí kan yóò fi ju ìṣẹ́jú méjì lọ yàtọ̀ sí àwòrán. 48,000 hertz, ìyẹn iye ìgbà tí kọ̀ǹpútà ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ni a ń lò fún ohùn fíìmù, kì í ṣe 44,100 ti CD. Ní ti orin fíìmù Amẹ́ríkà tí olùdarí máa ń fi dí àlàfo kí tiyín tó dé, ẹ tètè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí etí rẹ̀ bá ti mọ́ ọn, kò sí ohun tí ẹ óò kọ tí yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ó ku owó. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti ọdún 2022, ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ orin wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, kò sì ṣeé gbé fún ẹlòmíràn láìsí ìwé. Bí olówó fíìmù bá ní ọmọ ìyá ni wá, kí la fẹ́ fi ìwé ṣe, ẹ fi ọ̀yàyà dá a lóhùn, kí ẹ sì gbé àdéhùn síwájú rẹ̀. Kí ó hàn níbẹ̀ bóyá ẹ ta orin náà pátápátá ni tàbí ẹ kàn yọ̀ǹda rẹ̀ fún fíìmù yẹn nìkan. Ẹ tún to gbogbo orin inú fíìmù sínú ìwé lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú iye ìṣẹ́jú àti orúkọ ẹni tó kọ ọ́, nítorí òun ni MCSN, ẹgbẹ́ tó ń bá olórin gba owó ẹ̀tọ́ ní Nàìjíríà, yóò fi mọ ẹni tó ni owó nígbà tí tẹlifíṣọ̀n bá gbé e sáfẹ́fẹ́.

Àwọn onílù ni ọ̀rọ̀ ìwé yìí sábà máa ń fò dá. Owó ọjọ́ ni wọ́n ń gbà, wọn a sì wọ ọkọ̀ padà sí Ọ̀yọ́. Mo máa ń kọ orúkọ oníkálukú àti ìlù tó lù sílẹ̀ kí wọ́n tó jáde ní sitúdíò, nítorí bí fíìmù bá ti dé Èkó fún àtúnṣe ìkẹyìn, kò sí ẹni tí yóò pè wá láti béèrè ẹni tó lu kẹríkẹrì.