Ẹ má ṣe fi ojú òjò ra òdòdó ẹ̀ẹ̀rùn

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ òdòdó, ìwé àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ni mo kọ́kọ́ fi kọ́ bí a ṣe ń ṣètò òdòdó sínú ìkòkò. Ó ní kí a gbin pansy, cyclamen àti heather nígbà tí ooru bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, kí a sì gbìn wọ́n mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, nítorí pé wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dàgbà mọ́ tí òtútù bá ti mú. Òótọ́ ni, nílẹ̀ tiwọn. Ní Ìbàdàn, ọyẹ́ ló ń dán ìkòkò òdòdó wò: afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, tó máa ń fa omi jáde lára ewé kí gbòǹgbò tó há sínú ìkòkò kékeré tó rí òmíràn fà gòkè. Ewé tó fẹ̀ tó sì fẹ́lẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Etí rẹ̀ a gbẹ, a sì ká kò.

Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo dá dúró, oṣù kẹjọ ni mo lọ bá àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá ọ̀nà, nígbà tí kò sí ohun tí kì í tutù yọ̀yọ̀. Lẹ́fúnlósùn, tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní caladium, ló wọ̀ mí lójú jù, ni mo bá kó o kún iwájú ilé oníbàárà kan ní Bódìjà. Kí oṣù kejìlá tó dé ìdajì, kò ku ewé kan ṣoṣo. Oníbàárà náà bi mí bóyá òkú ni mo tà fún òun. Nígbà tí mo da erùpẹ̀ ìkòkò àkọ́kọ́ sórí ààtàn, mo rí iṣu rẹ̀ nínú erùpẹ̀, ó rí bí ọmọ kókò. Mo fi èékánná ha á, inú rẹ̀ funfun, omi sì wà lára rẹ̀. Kò kú, ó ń sùn ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti máa ń béèrè ìgbà tí òdòdó ń sùn kí n tó béèrè iye rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ràn lẹ́fúnlósùn bíi tèmi, ẹ gbìn ín sínú ike ọ̀tọ̀, kí ẹ sì gbé ike náà sínú ìkòkò ńlá. Bí ewé rẹ̀ bá ti ń rọ, ẹ gbé e sí ibi tó gbẹ, ẹ má bomi rin ín mọ́ títí di àkọ́rọ̀ òjò.

Àwọn tí ẹ̀ẹ̀rùn jẹ́ ìgbà ẹwà wọn kò ṣọ̀wọ́n. Bougainvillea ń kún fún àwọ̀ gan-an nígbà tí omi bá dínkù. Bí ẹ bá ń rọ omi sí i lójoojúmọ́, ewé lásán ni yóò máa yọ. Àbámodá tí a kà sí ewé àgbo nìkan máa ń yọ òdòdó tó so rọ̀ bí agogo lásìkò ọyẹ́, kò sì sí ẹni tó ń rà á fún ẹwà, èyí tó máa ń yà mí lẹ́nu.

Ti poinsettia ló gba àlàyé. Òru gígùn ló ń mú kí ewé orí rẹ̀ pọ́n, òkùnkùn náà kò sì gbọdọ̀ já. Méjì tí mo gé lára ìyá kan náà ni mo gbé sí ilé kan: èyí tó wà lẹ́yìnkùlé pọ́n dẹ̀dẹ̀ kí Kérésìmesì tó dé, èyí tó wà lẹ́nu géètì, lábẹ́ iná tí máígáàdì máa ń tàn mọ́jú, kò pọ́n rárá. Ajílẹ̀ ni mo ń dà sí i nídìí, láìmọ̀ pé iná ni kí n pa.

Bí ẹ bá fẹ́ kó oríṣi méjì tàbí mẹ́ta sínú ìkòkò kan, òùngbẹ wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo àwọ̀ wọn. Ọjá ìkookò (snake plant) àti etí erin (aloe vera) lè jọ gbé, nítorí pé àwọn méjèèjì ń fi omi pamọ́ sínú ewé. Króótónì tí ẹ bá fi há wọn láàárín yóò máa bẹ omi, omi yẹn ni yóò sì mú ìdí àwọn tó kù rà. Ìkòkò amọ̀ dára fún àwọn tí kò fẹ́ omi púpọ̀, torí pé omi ń gba ara rẹ̀ jáde; ike ni kí ẹ fi àwọn tó ń mumi sí. Ihò ìsàlẹ̀ di dandan. Ìgbẹ́ adìyẹ tí kò tíì jẹrà yóò jó gbòǹgbò.

Ìgbà àrọ̀kúrò òjò, láàárín oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, ni kí ẹ gbìn, kí gbòǹgbò lè ti múlẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Ṣùgbọ́n oṣù kìíní ni kí ẹ ti mú bírò àti ìwé dání. Ẹ rìn gba iwájú àwọn ilé ní Jericho àti Bódìjà, ẹ wọ ọgbà Agodi, kí ẹ sì kọ orúkọ gbogbo ohun tó ṣì ń tanná lábẹ́ eruku ọyẹ́ sílẹ̀. Ìwé yẹn ni kí ẹ mú lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó nígbà tí òjò bá tún dé.