Bí Wọ́n Bá Ti Rí Aṣọ Wa, Wọ́n Á Palẹ̀ Ọjà Mọ́

Ọmọ àbúrò mi tó fẹ́ wọ iṣẹ́ Àmọ̀tẹ́kùn wá kí mi ní Ìbarà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó tẹjú mọ́ fọ́tò tí mo ti dé fìlà búlúù ti ọlọ́pàá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ó ní, "Màámi, kí lẹ kọ́ àwọn ará Làìbéríà gan-an?"

Ẹ̀gbá ni mí. Ogun ló lé àwọn baba ńlá wa dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, àmọ́ n ò mọ ohun tí ogun ń fi sílẹ̀ lójú èèyàn àfìgbà tí mo dé Mọnróvíà, olú ìlú Làìbéríà.

Ogun náà parí ní 2003. Àwọn ṣọ́jà wa ló kọ́kọ́ balẹ̀ síbẹ̀ lóṣù kẹjọ, lábẹ́ ECOWAS. Lóṣù kẹwàá ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbaṣẹ́. Wọ́n tú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Làìbéríà àtijọ́ ká, wọ́n sì kó nǹkan bí 2,000 tuntun jọ. Kí wọ́n tó gbà wọ́n, wọ́n pín fọ́tò wọn kiri ìlú, kí ẹni tó bá mọ ìwà ibi tí ẹnì kan hù nígbà ogun lè wá sọ ọ́.

Kíkọ́ àwọn ọlọ́pàá Làìbéríà ni iṣẹ́ tiwa. Òfin, ìwé kíkọ, bí a ṣe ń mú èèyàn láì lù ú: àwọn tí à ń kọ́ tètè gbà á. Ọjà Waterside ló le. Ìyá kan ń ta ewé ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ (ọbẹ̀ ni wọ́n ń fi í sè). Bó bá ti rí wa lókèèrè, á ti di ẹrù rẹ̀. Ọjọ́ tó dúró, ó ní ẹni tó wọ aṣọ ìjọba ló sun ilé òun. Ó tún ní àwọn ará ìlú ti fún ECOMOG, orúkọ àwọn ṣọ́jà ECOWAS nígbà ogun, ní ìtumọ̀ tiwọn, "Every Car Or Movable Object Gone": gbogbo mọ́tò, gbogbo ohun tó ṣeé gbé, ó ti lọ. Ó dùn mí wọra, torí láti 1990 làwọn ọmọ wa ti ń kú síbẹ̀. Síbẹ̀, n kò lè pè é ní irọ́.

Ní 2007, àwọn obìnrin ọlọ́pàá tó lé ní 100 dé láti Íńdíà, àwọn ọmọbìnrin Làìbéríà sì rí wọn, wọ́n ń fẹ́ wọṣẹ́. Mo mú ọ̀kan lára àwọn ọmọ Làìbéríà náà lọ bá ìyá eléwé. Mo ní kó máa kí i láràárọ̀, kó rajà, kó sanwó, kó má bi í ní nǹkan kan. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù méjì. Lọ́jọ́ kan ìjà ilẹ̀ ìpàtẹ ṣẹlẹ̀, ìyá náà kò wò mí rárá. Ọmọbìnrin yẹn ló ránṣẹ́ pè.

Mo ti wà nílé nígbà tí wọ́n fa ààbò ìlú lé ìjọba Làìbéríà lọ́wọ́ ní 30 oṣù kẹfà, 2016. Ọmọbìnrin yẹn ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. "Mọ́mì, ó ku àwa nìkan báyìí o." Ẹkún ni mo fi dá a lóhùn.